Ìbọn Twyla Lórí Tábìlì Mi

Obìnrin kan yá ọkọ mi ní ìbọn. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìlú wa níbí, láàárín àwọn òkè Missouri, ènìyàn lè yá yín ní ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó lè yá yín ní akọ màlúù rẹ̀ kó wá gun abo tiyín, ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ tó ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sùn, kò ní fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo bá ìbọn Twyla Rusk lórí tábìlì tí mo ti máa ń po ìyẹ̀fun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò ṣúgà mi, mo ju aṣọ ìnuwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá bo òkú eku.

Opó ni Twyla. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ìbọn yíyìn. Irun rẹ̀ ti funfun báláú, kò pa á láró, ṣe ló gé e mọ́lẹ̀, ó sì yẹ ẹ́. Yíyẹ tó yẹ ẹ́ yẹn ló ń dùn mí. Bí èmi bá gé tèmi bẹ́ẹ̀, màá jọ bàbá arúgbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn.

Gbogbo Sátidé tí mo bá wà ní ìsọ̀ tí a ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, tí mo ń gbé àpò oúnjẹ adìyẹ fún àwọn oníbàárà, òun àti Royce ọkọ mi a máa wà ní pápá ìyìnbọn lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ní àwọn ń fi ìbọn wéra ni. Wọ́n fẹ́ mọ èyí tó ṣeé gbọ́kàn lé nínú àwọn ìbọn ìléwọ́ olókìkí tí gbogbo ènìyàn ń rà: ògbólógbòó onírin, oníke tí àwọn ọlọ́pàá ń gbé, àti ti àwọn ará Ítálì tí àwọn ṣọ́jà gbé nígbà kan. Èwo ni kì í há? Èwo ló ń há bí iyẹ̀pẹ̀ bá wọ̀ ọ́? Bí ó bá ti di àṣálẹ́ Sátidé, ìròyìn ti dé orí tábìlì oúnjẹ mi. Twyla ní oníke kò ka ẹrẹ̀ sí. Twyla ní ti Ítálì fẹ́ràn òróró jù. Twyla ní, Twyla ní. Lọ́jọ́ kan mo bi í bóyá Twyla ní nǹkan láti sọ nípa ẹran àgbọ̀nrín tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn nìkan. Ojú mi ń rí nǹkan. Royce tí kì í ra aṣọ àyàfi bí mo bá rà á fún un, ó lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán, tí wọ́n kàn máa ń tẹ̀ pa láìkì í bọ ihò, táwọn ọ̀dọ́kùnrin ń wọ̀ lọ síbi ìdíje ẹṣin. Ó da bàtà olókùn rẹ̀ nù, ó ra èyí tí ènìyàn kàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Mo ní, hẹ́ẹ̀n, bàbá ọmọ ti ń ṣe fáàrí. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló máa fi ń di ọwọ́ òsì mi mú bí pásítọ̀ bá ń wàásù. Lójijì ló ní kí n bọ́ sí apá kejì. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú fèrèsé wọlé ń yọ òun lẹ́nu. Apá tó bọ́ sí yẹn, bí ó bá gbójú sókè báyìí, ẹ̀yìn orí Twyla ló máa rí.

Mo gbé e mì. Mo ní kí n máa wo ibi tí yóò já sí. Ibi tó já sí ni orí bàbá mi.

Bàbá mi, Alvis Tackett, ló ń tún ìbọn ṣe fún gbogbo agbègbè yìí nígbà ayé rẹ̀. Ìbọn onírin tí Royce ń yìn, òun ló fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ó ti tú u palẹ̀ pátápátá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá gbogbo irin inú rẹ̀ títí wọ́n fi ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lára wọn. Ó ní, "Royce, bí èyí bá há, èmi ni kí o wá bá." Kò há. Bàbá mi ṣaláìsí, kò há. Ọmọ wa dàgbà ó fi ilé sílẹ̀, kò há.

Àṣálẹ́ ọjọ́ tí mo bá ìbọn Twyla lórí tábìlì, a jókòó ti ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo. Royce kò wo ojú mi.

"Ìbọn bàbá rẹ ti ń há," ló wí.

"Ìbọn bàbá mi kì í há."

"Ó ń há, Nadine. Kò jẹ́ kí n yìn ín gbádùn mọ́. Ti Twyla kò há rárá lọ́wọ́ rẹ̀."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ Twyla." Ó ń fi ọwọ́ òsì ti ẹ̀wà kiri inú àwo. "Mo ti ronú sí i. A fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀. Kó mú ti bàbá rẹ, kí n mú tirẹ̀. Ìbọn tí kò bá ṣeé gbọ́kàn lé, kí ni èèyàn ń gbé e kiri fún?"

Mo gbé àwo rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Kò tíì jẹun tán.

"Kí Twyla náà gbọ́únjẹ fún ọ," ni mo wí, mo sì wọ yàrá lọ.

Nígbà tí Sátidé dé, mo bẹ ẹnìkan kó dúró fún mi ní ìsọ̀. N kò sọ fún Royce. Mo jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ, mo wa ọkọ̀ mi tẹ̀lé e. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìbọn bàbá mi kò ní ti ọwọ́ mi bọ́ sọ́wọ́ obìnrin yẹn láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi ẹ̀tàn rẹ̀ hàn níwájú gbogbo ayé.

N kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí mo fi rí wọn. Royce na ìbọn síwájú, Twyla sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi, ó gbé e ró. Àgbọ̀n Twyla fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká Royce. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo bọ́ sílẹ̀.

Bàbá Orval tó ń ṣọ́ pápá náà jókòó lábẹ́ páànù pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀. "Ọmọ Alvis," ló wí, "o mà ṣọ̀wọ́n."

"Ẹ káàárọ̀ sà. Àwọn kan ni kò jẹ́ kí n ṣọ̀wọ́n mọ́."

Wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n yíjú. Twyla mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò yára mú un.

"Ẹ káàárọ̀ o, Arábìnrin Nadine."

"Ẹ káàárọ̀, Arábìnrin Twyla. Ẹ má wulẹ̀ dá iṣẹ́ dúró nítorí mi. Mo rí i pé ọwọ́ yín dí."

Bàbá Orval fi ẹ̀rín fọ́n kọfí. Royce ní, "Nadine, jọ̀ọ́."

"Jọ̀ọ́ kí ni? Wọ́n ní òkú bàbá mi ti di oníṣẹ́ jákujàku. Mo wá bá a jẹ́jọ́ ni. Gbé e wá."

Mo gba ìbọn bàbá mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo de ohun ìdítí mọ́ orí, mo ki ọta kún inú rẹ̀, mo dúró bí bàbá mi ti kọ́ mi. Ó tó ọdún mélòó kan tí mo ti yìnbọn gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbàgbé irú rẹ̀. Mo yìn ín títí ọta fi tán, ìbọn lanu, kò ku nǹkan kan. Mo tún un kì, mo tún un yìn. Eèpo ọta ń fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjanpata. Bébà tí a ń yìnbọn sí lu ní àárín, kì í ṣe àárín gan-an, ṣùgbọ́n n kò wá síbẹ̀ nítorí bébà.

"Ó dáa," ni mo wí. "Ó ku ti Arábìnrin wa."

Mo mú ìbọn oníke Twyla. Ká sọ tòótọ́, ìbọn tó dára ni. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti fà, ó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ pẹ̀sẹ̀, inú sì bí mi sí i. Mo yìn ín tán. Òun náà kò há.

"Méjèèjì kò há," ni mo wí. "Nítorí náà, Royce, èwo nínú wọn ni kò ṣeé gbọ́kàn lé? Wá fi hàn mí."

"Etí ń dùn mí. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Etí kì í ṣe ọwọ́. Wá yìn ín."

Twyla bọ́ síwájú díẹ̀. "Arábìnrin Nadine, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ lónìí."

Ohùn tó fi sọ ọ́ rọ̀. Ó rọ̀ jù. Ta ló fi í ṣe alágbàwí ọkọ mi? Bí kò bá sọ̀rọ̀ ni, bóyá ǹ bá ti fi í sílẹ̀. Mo tún ki ọta sínú ìbọn bàbá mi, mo tì í sí Royce láyà.

"Yìn ín."

Ó gbà á. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Àkọ́kọ́ dún, ó jáde. Ìkejì dún, ìbọn sì há. Eèpo ọta tó yẹ kó fò jáde ló dúró ṣánṣán lórí ìbọn, irin sì ti fún un mọ́lẹ̀.

Páìpù èéfín ni bàbá mi máa ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń yọrí síta bí ti òrùlé. Ó máa ń kìlọ̀ fún mi nínú ìsọ̀ rẹ̀ pé bí mo bá ti rí páìpù èéfín, kí n má tíì tú ìbọn, kí n kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó mú un. Ìbọn fẹ́ ọwọ́ líle tí yóò fẹ̀yìn tì kó tó lè ta eèpo nù. Bí ọwọ́ bá rọ̀, ìbọn tó dára jù láyé máa há.

Mo mú ti Twyla, mo ki ọta sí i, mo fi lé Royce lọ́wọ́. Ó yìn ín, ìyẹn há ní àkọ́kọ́. Páìpù èéfín.

Ìgbà yẹn ni mo wo ọwọ́ náà. Mo mú un, mo yí i sókè. Ẹran tó yẹ kó kún àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ti lọ. Ibẹ̀ ti jìn wọlé bí inú ṣíbí. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tẹ̀ pa. Bàtà tí kò ní okùn. Ọwọ́ òsì nínú àwo ẹ̀wà.

"Láti ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Láti ìgbà tí a ń kó koríko."

"Ta ló mọ̀?"

Bàbá Orval gbé ife rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo bébà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

"Èmi mọ̀," ni Twyla wí. "Mo rí i bó ṣe ń há, mo sì bi í léèrè. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ rí dókítà ní ìlú Springfield. Wọ́n ní iṣan ọwọ́ ló ń kú, kò sì ní dúró síbi ọwọ́. N kò bèèrè ìbọn bàbá yín, Arábìnrin. Òun ló bẹ̀ mí. Tèmi rọrùn fún un láti fà."

Mo rántí ọjọ́ Springfield. Ó ní òun ń lọ wá bẹ́líìtì tírátọ̀, ọkọ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́ oko. Ó tiẹ̀ ra bẹ́líìtì kan bọ̀, èyí tí kò bá tírátọ̀ wa mu, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Bí wọ́n bá ní ó ń bá a sùn ni, mo mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe. Màá kó ẹrù rẹ̀ sí ìta, màá sì sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù máa ba ọkọ mi, kó gbé ẹ̀rù náà kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú obìnrin mìíràn, n kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyẹn. Obìnrin náà ti mú ọwọ́ yẹn, ó ti mọ ìwọ̀n àìlera rẹ̀, nígbà tí èmi tí mo ń sùn ti ọwọ́ náà ń bínú sí ṣẹ́ẹ̀tì. Jíjowú ni mò ń jowú, n kò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Mo gbé ìbọn Twyla kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ ṣeun," ni mo wí, ó sì jọ pé nǹkan gé mi ní ahọ́n.

Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé Royce lọ sílé. Bí a ti kọjá afárá, mo bi í.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

"Twyla kò mọ bí mo ṣe lágbára tó tẹ́lẹ̀. Ìwọ mọ̀."

Mo dì mọ́ èyí tí mo lè bá a jà lé lórí. "O parọ́ mọ́ bàbá mi."

"Mo mọ̀."

"Òkú ni. Kò lè wá gbèjà ara rẹ̀."

"Mo mọ̀, Nadine. Ó rọrùn fún mi ju kí n sọ pé èmi ni."

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè. Mo kó ṣẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnnì àtẹ̀pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpótí, mo mú èyí tí mo rà fún un lọ́dún Kérésì jáde, mo wọ̀ ọ́ fún un, mo sì ń de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn. Ó ní a máa pẹ́. Mo ní kí a pẹ́.

A pẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ti ń kọrin nígbà tí a wọlé. Royce fẹ́ bọ́ sí ibi tó ti ń jókòó láìpẹ́ yìí, mo fi ìdí tì í, mo jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo fi òun sí ojú afẹ́fẹ́. Mo wá ọwọ́ náà rí nínú àpò kóòtù rẹ̀, mo fà á jáde, mo gbé e lé itan mi níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ó gbìyànjú láti di tèmi mú. Agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo di ti àwa méjèèjì mú.

Lẹ́yìn náà mo gbójú sókè láti mọ̀ bóyá Twyla ti yíjú wò wá. Ó ti yíjú. N kò tú ọwọ́ náà sílẹ̀ títí tó fi jẹ́ Twyla ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.