Ògiri Tí Kò Mu Àwọ̀

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni mo lò nílé ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo fi dé, Bisheshar ọmọ mi ti wó ògiri amọ̀ yàrá ìlà-oòrùn, ó ti fi bíríkì mọ òmíràn, ó sì ti lẹ táìlì funfun mọ́ ọn láti òkè délẹ̀.

“Màámi, ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Eku ò ní gbẹ́ ihò síbẹ̀ mọ́.”

“Ìwọ àti eku lẹ jọ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí.”

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí Kumkum ọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó. Orí ògiri yẹn ni mo ya kohbar, àwòrán ìgbéyàwó, àwọn àbúrò Bisheshar méjèèjì sí: òṣíbàtà, oparun, ẹja, ayékòótọ́, kí tọkọtaya lè bímọ kí wọ́n sì pẹ́. Bí kò bá sí lára ògiri, a kì í mú wọn wọ yàrá.

Mo mọ ògiri yẹn. Amọ̀ etí adágún, èèpo ìrẹsì, ìgbẹ́ màlúù. Èèpo ni kì í jẹ́ kó sán, ìgbẹ́ màlúù ló ń lé kòkòrò, amọ̀ ló ń mu àwọ̀ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Mo gbìyànjú lórí táìlì. Dúdú ìdí ìkòkò tí mo fi oje igi pò ṣàn wálẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Mo fi yanrìn ha á. Ọwọ́ mi bó, táìlì ò bó.

Bisheshar ra bébà kan wá láti ọjà. “Wọ́n ti yà á tán, Màámi. Ká kàn lẹ̀ ẹ́ ni.”

Mo wò ó. Oparun ò ní gbòǹgbò. Ẹja méjèèjì kọ̀yìn síra wọn.

“Ṣé ìgbéyàwó nìyí àbí ìkọ̀sílẹ̀?”

Kumkum bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú. “Ìyá àgbà, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n lẹ ìyẹn fún mi o.”

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n da ògiri mi sí bí ìdọ̀tí. Mo rẹ àfọ́kù rẹ̀ sómi fún ọjọ́ méjì; pupa òṣíbàtà ṣì wà lára àwọn kan. Mo tún fi èèpo àti ìgbẹ́ màlúù tuntun sí i, mo rẹ́ ẹ sórí táìlì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ṣí kúrò bí èèpo ẹyin. Kò rí nǹkan dì mú. Ohun tó ní ojú ihò ló ń fẹ́.

Mo gbé ẹní oparun tí a ń sá ìrẹsì sí. Àtàǹpàkò ni mo fi ń ti amọ̀ wọ ojú ihò rẹ̀ títí tó fi yọ lódì kejì, tó sì há síbẹ̀. Nígbà tí ìyẹn gbẹ díẹ̀, mo rẹ́ fẹ́lẹ́ mìíràn lé e. Ní ọjọ́ kẹta, mo kàn án bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Ó dún bí ògiri.

Bisheshar mú òòlù àti ìṣó dé.

“Fi okùn so ẹní náà mọ́ igi àjà,” ni mo wí.

“Màámi, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún ọkùnrin.”

Ó fi òòlù kan ìṣó lẹ́ẹ̀kan. Táìlì là sí méjì.

“Yéè! Táìlì mi!” Ó káwọ́ lérí.

“Ẹyọ kan lo ń ké lé yẹn. Odidi ògiri tèmi ńkọ́?”

Ó lọ wá okùn.

Nígbà tó so ó tán, mo ti òwú tó wà lẹ́nu igi tí mo fi ń ya àwòrán bọ inú àwọ̀. Inú ṣì ń bí mi. Gbòǹgbò oparun ni mo kọ́kọ́ yà, amọ̀ náà sì mu ún.