Ọ̀rọ̀ Mummy Ti Di Àpótí

Àpótí ni. Àpótí, k, àpótí. Mo ti pa fáìlì yìí dé, mo ti tún un ṣí, bóyá ojú mi ló ń ṣe mí... Rárá. Àpótí ṣì ni.

Ma j□ ki □k□ b□ m□ □ l□w□.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi rèé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, tí èmi fúnra mi tẹ̀ fún wọn nígbà tí ọwọ́ wọn ò lè mú bírò mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, mi ò lè ṣí i. Mo ní á wà níbẹ̀. Ibo ni kọ̀ǹpútà fẹ́ gbé e lọ?

Tóbi ló ṣe é. Rárá — kí ló kan Tóbi? Èmi ni mo pè é. Kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, àwọn oníbàárà ń pòṣé, mo ní kó wá bá mi fi sọ́fíwia tuntun sí i. "Aunty Yẹmí, mo ti ṣe upgrade ẹ̀ o. Ó ti sharp báyìí!" Ó sharp lóòótọ́. Ó sharp, ó sì pa lẹ́tà Yorùbá mi jẹ, èyí tí mo fi ń tẹ ìwé ìsìn fún gbogbo ìjọ láti Ketu dé Agboyi. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá tẹ q, á gbé ẹ jáde. Tí mo bá tẹ x, á gbé ọ jáde. Q àti x, àwa Yorùbá ò kúkú fi wọ́n ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀. "Ìyẹn ti old, Ma. Kò lè wọ inú eléyìí. Ẹ máa lo èyí tó wà níbẹ̀." Èyí tó wà níbẹ̀! Àná ni mo gbàgbé ara mi, mo tẹ "ọmọ Ọlọrun" fún ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Ikosi, ó jáde ní xmx Xlxrun. Pásítọ̀ ní Ẹ̀mí ti gbé mi, mo ti ń fi èdè tuntun sọ̀rọ̀.

Ìyẹn ò dùn mí. Aunty Damaris, àbúrò Mummy, ló ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, èsì ni wọ́n sì ń bọ̀ wá gbà. Levi ọkọ mi ló rán wọn. Ó ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n padà sílé òun ní Ogudu, tí mo ti kó kúrò. Aunty wá ní, "Ṣé o ti gbàgbé nǹkan tí màmá ẹ sọ ni? Ọkọ, Yẹmí! Ọkọ ni wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún èmi náà." Mo ní irọ́ ni... mi ò ní irọ́ ni, ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà? Mo ní, Aunty, ẹ̀kọ́ ni wọ́n sọ. Ṣebí ìgbà yẹn ni mò ń lọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́, tí Levi ń bínú sí i. Mo ní kí wọ́n wá, mo máa ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ojú ara wọn rí i.

Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Àpótí, k, àpótí. Ẹ̀kọ́. Ọkọ. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀kọ, èyí tí a fi ń jẹ àkàrà! Mò ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín?

Ẹ̀kọ́ ni. Mo gbọ́ ọ. Àbí... ṣé mo gbọ́ ọ? Mò ń wá ohùn Mummy, mi ò rí i. Ohùn tèmi ni mò ń gbọ́, ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́, mo ti wí i títí débi pé tiwọn ti sọnù sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọwọ́ mi ńkọ́? Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Èmi kì í wo kíbọ́ọ̀dù, bí mo bá ti gbọ́, ìka ti lọ. Jẹ́ kí n dijú. Kí n má rò ó. Mummy jókòó sórí bẹ́ǹṣì lápá òsì mi, òórùn róòbù ń jáde lára wọn, wọ́n sún mọ́ mi torí ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ní, má jẹ́ kí —

Ma jq ki xkx

X. Níbi ọ̀rọ̀ yẹn, ìka mi ò tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ q.

Mo pa á rẹ́. Mo tún dijú. Xkx.

Ọkọ ni. Aunty Damaris ò purọ́. Mummy sọ ọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Lápá òsì... Etí òsì ni wọ́n sọ ọ́ sí. Etí tí Levi gbá, tó ń hó wíì títí di ìsinsìnyí. Mummy bi mí, "Yẹmí, kí ló ṣe etí ẹ tí o fi ń yí orí?" Mo ní omi ló wọ̀ ọ́ nígbà tí mò ń wẹ̀. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n wá fi ẹnu kan etí náà gan-an, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọkọ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mummy ò mọ̀. Áà, ó dùn mí. Wọn ò mọ̀, torí mi ò sọ. Ẹ̀kọ́ tí mò ń pariwo látọjọ́ yìí, mo kàn fẹ́ kí Mummy ti bá mi kọ Levi sílẹ̀ ni. Wọn ò kọ̀ ọ́. Èmi ni màá kọ̀ ọ́.

Bàtà Aunty Damaris nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà. Mo pa kọ̀ǹpútà. Màá gbé bẹ́ǹṣì sí apá ọ̀tún fún wọn, níbi tí mo ti lè gbọ́ wọn. Wọ́n á bi mí pé kí ló dé, mi ò sì ní sọ pé omi ló wọ̀ ọ́.