Ìsọ̀rí Mẹ́rìnlélógún Ìyá Múyìwá

Abísóyè kò kórìíra Fèyísọ́lá. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá ń fi ìka ara rẹ̀ kó ìwé ọmọbìnrin náà kúrò níbi tó tò wọ́n sí.

Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń ṣe ọjọ́ ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní ìlú Balch Springs lókè òkun. Dókítà á wá, nọ́ọ̀sì á wá, apoògùn á wá, títí dé àwọn tó ń to àga. Lọ́dún yìí wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlélógóje. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ló ń gbé e ró: láìsẹ́ǹsì àwọn nọ́ọ̀sì, ìwé àṣẹ ìlú, àkọsílẹ̀ oògùn, fọ́ọ̀mù tí aláìsàn ń fọwọ́ sí. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Abísóyè, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Múyìwá, fi tọ́jú wọn. Nọ́ọ̀sì ni òun náà kó tó fẹ̀yìn tì. Inú báàgì ńlá kan ló ń kó wọn sí níbẹ̀rẹ̀, á gbé e lé itan bí adìẹ tó sàba. Nígbà tí èrò pọ̀ jù, tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú áàpù iṣẹ́ kan lórí fóònù, ó di gíláàsì méjì mọ́ ojú ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, ó sì kọ́ ọ.

Ìsọ̀rí mẹ́rìnlélógún ló dá sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì sọ wọ́n lórúkọ bó ṣe mọ àwọn tó ni wọ́n: Ti Ìyá Kíkí. Ti Bàbá Wúrà. Ti Àwọn Ará Cedar Hill. Ti Dókítà Gíga. Ta ni yóò máa kọ orúkọ àgbàlagbà gbàlàjà síta? Ẹni tó bá ń wá ìwé, ó ti di dandan kó pè é. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ìwé àṣẹ ìlú wà nínú Ti Bàbá Wúrà, lábẹ́ àwòrán ìgbéyàwó. Wọn ò lè ṣe é láìsí òun. Dídùn ìyẹn ju ti dòdò lọ.

Ni Fèyísọ́lá bá dé ní oṣù kẹjọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ìlú Farmers Branch ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni kó máa to ìwé fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó tó irinwó. Pásítọ̀ Akínbọ́lá fún un ní àṣẹ inú áàpù náà, irú èyí tó jẹ́ pé Abísóyè nìkan ló ní in tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní àṣẹ yìí lè dá ìsọ̀rí sílẹ̀, ó sì lè gbé ìwé kiri. Àwọn yòókù, kí wọ́n kàn máa kà á, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá ní in sọ. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ kí Mọ́mì jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Abísóyè ní kó máa bá a lọ. Ó ti dá a lójú pé ọmọ náà yóò daṣẹ́ rú.

Sátidé kan ṣoṣo ni Fèyísọ́lá fi sọ ìsọ̀rí mẹ́rìnlélógún di márùn-ún: Òṣìṣẹ́, Àṣẹ, Oògùn, Aláìsàn, Ibi Ìpàdé. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó ní ọjọ́. Láti Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà, fóònù Abísóyè dákẹ́. Túsídè, ó dákẹ́. Ní Wẹ́sìdeè ó dún, Abísóyè sáré jáde nílé ìgbẹ́ tòun ti ìró tí kò tíì so tán. Àwọn tó ń ta ìbánigbófò ọkọ̀ ni.

Ní Sọ́ńdè, Ìyá Kíkí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogún ọdún, sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé láàárín ìṣẹ́jú kan lòun rí láìsẹ́ǹsì òun, pé ọmọ yẹn mà mọṣẹ́ o. Abísóyè rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó tètè gba ilé lọ.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹun ọ̀sán tán, á jókòó sí kíṣìnì rẹ̀ ní Cedar Hill, á ṣí áàpù náà, á sì dá ìwé kan padà sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Láìsẹ́ǹsì Ìyá Kíkí ló kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ó ti padà sínú Òṣìṣẹ́. Ó gbé méjì. Ilẹ̀ mọ́, méjèèjì ti padà. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan, ó sì ń gbádùn ara rẹ̀ bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò tó rò pé wọn ò kà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Ẹ kú ìtọ́jú. Fèyísọ́lá kì í kí i lórí ìdúró láéláé. Abísóyè á máa wo ọmọ náà látòkè délẹ̀, á máa wá àbùkù. Kò rí. Orúnkún ọmọ náà pàápàá dára. Tiẹ̀ nìyí tó ń dún kẹ̀kẹ̀ bí àgbàdo gbígbẹ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ ìwòsàn nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera ìlú ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Tọ́sìdeè wá wo àkọsílẹ̀ oògùn. Abísóyè kò gbọ́, torí ó ti pa ìkéde áàpù náà lẹ́nu mọ́ lórí fóònù rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó ní ó ń han bí ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Ní Wẹ́sìdeè, ó kó àkọsílẹ̀ oògùn lọ sínú ìsọ̀rí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Ti Waleed, ìyẹn apoògùn wọn. Fèyísọ́lá tó máa ń tún un ṣe láàárọ̀ wà nínú bàálù, iṣẹ́ ló rán an. Òṣìṣẹ́ ìlera dé, wọ́n ṣí Oògùn, ó ṣófo. Ó dúró títí, ó ní òun yóò padà wá ní Mọ́ńdè. Tí òun ò bá rí ìwé náà, wọn ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní oògùn kankan lọ́jọ́ ìwòsàn.

Ọjọ́ Ẹtì ni Abísóyè gbọ́, nígbà tó lọ bá wọn di ẹrù ní Balch Springs. Waleed ló sọ fún un. Ọmọ Pakistan ni Waleed, orúkọ ló sì ń pe gbogbo ayé, látorí ọmọdé dórí pásítọ̀. Abísóyè mi orí, ó ní ọmọ yẹn kò mà tọ́jú ìwé oògùn bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀.

Waleed gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Abísóyè, kí ló dé tó o fi ń gbé àwọn ìwé yẹn kiri lójoojúmọ́?"

"Ìwé wo?"

Ó yọ fóònù rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀: Abísóyè gbé Àkọsílẹ̀ Oògùn lọ sí Ti Waleed, Wẹ́sìdeè, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Túsídè wà lábẹ́ rẹ̀, Mọ́ńdè wà lábẹ́ Túsídè. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìkéde tí òun pa lẹ́nu lórí fóònù tòun kò dákẹ́ lórí ti àwọn yòókù.

"Gbogbo wọn ló ń rí i?"

"Gbogbo wa. Ní Tọ́sìdeè, òṣìṣẹ́ ìlera ti lọ ká tó rántí wò ó. Mo ní kí n bi ẹ́, Pásítọ̀ ní rárá, pé àgbà ni ẹ́."

Abísóyè jókòó lórí páálí ìbọ̀wọ́. Páálí náà wó lulẹ̀ tòun tìdí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló mú omijé náà wá. Fèyísọ́lá mọ̀. Á rí orúkọ òun lọ́sàn-án, á tún un tò láàárọ̀, á sì wá kúnlẹ̀ kí òun. Ọmọ náà ń bá òun bo ìtìjú, ó sì tún ń bò ó dáadáa. Ìyẹn gan-an tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Abísóyè.

Ní Sọ́ńdè, wọ́n pàdé lẹ́yìn ìsìn. Pásítọ̀ Akínbọ́lá ní áàpù náà ń ní ìṣòro díẹ̀, pé ó jọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó ní àṣẹ. Kálukú ń wo bàtà ara rẹ̀. Fèyísọ́lá dìde, ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ì bá ti wò ó kí òun tó wọ bàálù, kí Mọ́mì máa bá a lọ.

Àyè rẹ̀ àtijọ́ wà níwájú rẹ̀ báyìí. Kó ṣáà ti dúpẹ́ ni, fóònù rẹ̀ á tún máa dún. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Abísóyè dìde, orúnkún rẹ̀ dún.

"Áàpù ò níṣòro kankan. Èmi ni. Mò ń jowú ọmọ yìí, gbogbo yín lẹ sì mọ̀, ẹ kàn ń kí mi kú iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ wo?"

Ìyá Kíkí fi imú rẹ́rìn-ín, ó wá di pé kò lè dá a dúró mọ́. Abísóyè kọjú sí Fèyísọ́lá.

"Ìwọ náà, o mọ̀, o sì ń kúnlẹ̀ fún mi."

"Mọ́mì, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín."

"Kó o ní, Mọ́mì, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò." Ó na fóònù sí i. "Níbo ni wọ́n ti ń yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ní àṣẹ?"

Ọmọ náà fi hàn án. Abísóyè fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń pa ìdun.

Òṣìṣẹ́ ìlera padà dé ní Mọ́ńdè. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti rí ìwé, ó buwọ́ lù ú. Abísóyè dúró níbẹ̀, ó rí i bí wọ́n ṣe ń bọ Fèyísọ́lá lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó yíjú sí òun, òun náà kò sì lè sọ pé kò dun òun.

Lọ́sàn-án Túsídè, ó ṣí áàpù náà ní kíṣìnì. Kó ṣáà máa kà á ló kù fún un, ó sì ń kà á, láti ìsọ̀rí kìíní lọ sí ìkarùn-ún. Nínú Ibi Ìpàdé, ó rí ìwé bí wọ́n ṣe máa to àga. Ó sún gíláàsì mọ́jú. Ti èṣí ni. Ti èṣí, tí wọ́n fi síbi ti ọdún yìí. Ó pariwo lóun nìkan, ó jó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó kí ìbàdí má baà yẹ̀, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ìwé náà: "Fèyísọ́lá ọmọ mi, ti èṣí lèyí o. O kú iṣẹ́." Ó yọ "ọmọ mi" kúrò. Ó tún un kà, ó dá a padà, ó sì fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló padà sí ìsọ̀rí kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látòkè, díẹ̀díẹ̀, bóyá òmíràn tún wà níbẹ̀.