Ta Ló Pa Àwọn Ẹfọ̀n Orrin?

Ọdún kẹta tí Orrin Pruett ti ń dẹ ẹfọ̀n ní pápá Texas ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Nígbà tí kò dá ẹfọ̀n mọ̀ yàtọ̀ sí igbó mọ́, Delphia ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ pé awọ ló máa ń bó tẹ́lẹ̀, gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dojú bolẹ̀ sínú koríko láti máa yìn wọ́n. Ọwọ́ obìnrin náà kì í tàsé.

Ìgbà òtútù parí, wọ́n kó awọ wọ ìlú. Amzi tó ń ra awọ fi ìka kan ihò ọta.

"Ihò kan ṣoṣo lára ọ̀kọ̀ọ̀kan! Orrin, ṣé ìwọ lo yìn wọ́n?"

Delphia ń tú okùn ìbaaka, kò gbójú sókè.

"Ta ni ì bá tún jẹ́?" ló bọ́ lẹ́nu Orrin.

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Èyí? Tó bá ti gbúròó ìbọn, abẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù ló ń sá sí!"

Amzi àtàwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Orrin náà rín in.

Wọ́n padà sí àgọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Delphia gbé ìbọn lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá ọdẹ, ẹfọ̀n wà létí odò. Èmi ń lọ sábẹ́ kẹ̀kẹ́."

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí Orrin kọ̀. Ó yìnbọn sí ohun dúdú kan. Abo ẹfọ̀n ni. Itan rẹ̀ ṣẹ́, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Orrin tún yìn ín lẹ́ẹ̀mẹrin, kò bà á. Delphia ló wá gba ìbọn, tó fi ọta kan gba ẹran náà lọ́wọ́ ìrora.

"Delphia, jọ̀ọ́, má bínú."

"Má bẹ̀ mí níbí. Ìlú lo ti tàbùkù mi."

Orrin gun ìbaaka lọ sí ìlú. Ó ṣí fìlà níwájú Amzi àtàwọn tó kù.

"Irọ́ ni mo pa fún yín. Delphia ló pa gbogbo wọn. Èmi ò ríran mọ́."

Amzi gbá itan. "Ẹ gbọ́ o! Orrin ti yó!"

Orrin fi ìyá rẹ̀ búra. Ẹ̀rín wọn tún le sí i.

Nígbà tó padà dé àgọ́, Delphia bi í léèrè: "Wọ́n gbà?"

"Wọn ò gbà."

"Irọ́ àkọ́kọ́ ló dùn létí wọn." Ó ti ọ̀bẹ sí i. "Awọ wà nílẹ̀. Máa bó o."

Títí wọ́n fi kúrò ní pápá náà, A-yìn-má-tàsé ni wọ́n ń pe Orrin nílùú. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, á sorí kọ́.