Ìgbìmọ̀ Tó Ń Wojú Màmá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbìmọ̀ olùdarí àjọ Màmá ṣe ń ṣèpàdé, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti fetí sílẹ̀, ojú ni kó là. Wọ́n á jókòó yí tábìlì gígùn ká ní yàrá òkè. Oníṣirò á ka ìṣirò owó, Lọ́yà á tú òfin palẹ̀, àwọn yòókù á máa mi orí. Tó bá wá ku ká dá ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà kan, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á yíjú sí Màmá. Bí Màmá bá rẹ́rìn-ín músẹ́, a gbà nìyẹn. Bó bá lejú, a ò gbà. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ mi ò rò pé irú ojú yìí ni àwọn àgbà tó sọ ọ́ ní lọ́kàn.

Màmá ló dá àjọ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa tọ́jú àwọn arúgbó tí wọn ò lẹ́ni. Wọ́n á lọ bá wọn nílé, wọ́n á wẹ̀ wọ́n, wọ́n á fún wọn lóògùn, wọ́n á jókòó tì wọ́n kí wọ́n lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Inú yàrá kan lẹ́yìn ilé ara rẹ̀ ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀, òun àti garawa omi kan. Ní báyìí wọ́n ti ní ilé alájà méjì, wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ débi pé Màmá ò mọ orúkọ gbogbo wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbé e mọ́. Dókítà ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ò lágbára, pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó fi í sílẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ náà ò yéé sunkún sí i létí lórí fóònù pé, "Màmá, ṣé ìgbà tí wọ́n bá gbé yín jáde níbẹ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sinmi?" Màmá fẹ́ sinmi. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: ta ni yóò fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ tí onítọ̀hún ò ní bà á jẹ́?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe Alárinà. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti máa bá àwọn àjọ aláàánú wá olórí, kó sì máa bá wọn tún ìgbìmọ̀ wọn tò. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Alárinà, nítorí bó ṣe ń sáré lọ sáré bọ̀, tó ń yin ọkọ fún ìyàwó, tó ń yin ìyàwó fún ọkọ. Kò bínú sí orúkọ náà. Ó ní ó sàn ju èyí tí wọ́n ń pe òun níbòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá Màmá sọ ò dùn mọ́ Màmá nínú rárá.

"Màmá, ká tó wá olórí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìgbìmọ̀ yín ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn méjì mẹ́ta wọlé, àwọn tó lè bá yín jiyàn."

"Kí ni mo fẹ́ fi aláríyànjiyàn ṣe?"

"Ẹni tó lè sọ pé rárá ni mò ń wí, mà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wèrè lo wá pè mí nínú ọ́fíìsì mi?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ Màmá ò gbà. Ó ní èèyàn òun ni àwọn ìgbìmọ̀ òun, ó ní wọn kì í fa wàhálà, kó wá olórí ná, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ lè dúró. Alárinà tún un sọ, ó tún un sọ, nígbà tó yá ó fi Màmá sílẹ̀. Kò yẹ kó fi í sílẹ̀, òun náà mọ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ bá àgbàlagbà tó gbéṣẹ́ fúnni wọ̀jà?

Ẹnì kan ti wà rí nínú ìgbìmọ̀ yẹn tó máa ń sọ pé rárá. Bíríkìlà ni, ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ le bí igi, tí ahọ́n rẹ̀ ò sì rọ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí Màmá fẹ́ ra ilé alájà méjì yẹn, Bíríkìlà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó padà wá, ó ní òun ò fara mọ́ ọn, ó ní àwọn arúgbó tó bá wá sí ọ́fíìsì ò ní lè gun àtẹ̀gùn ibẹ̀. Màmá ní Bíríkìlà ò fẹ́ ìlọsíwájú. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, gbogbo wa ò lè sùn ká kọrí síbì kan náà." Màmá ò bá a jà, kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí i. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ṣèpàdé, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Àwọn tó kù rí àga rẹ̀ tó ṣófo, wọ́n sì gbọ́n lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbọ́n jù.

Alárinà wá olórí títí. Ẹni àkọ́kọ́ tó mú wá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ju iṣẹ́ lọ, ẹnì kejì rí bí owó oṣù ṣe mọ níwọ̀n, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta ni ó wá jẹ́ nọ́ọ̀sì, obìnrin kan tó ti ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù nílé ìwòsàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la tí obìnrin náà máa wá, Alárinà bẹ Màmá.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ lọ́la, mà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má mi orí. Tí a bá ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ tán, ẹ jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn yàn án. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ mú un, ọjọ́ tí ẹ bá lọ sílé ni kò ní lẹ́yìn mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Màmá létí. Ó ṣèlérí, ó sì pinnu pé òun á mú un ṣẹ. Ibi tó dunni jù nínú ìtàn yìí nìyí, pé ọjọ́ tó fẹ́ ṣe dáadáa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bà jẹ́.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ, kò sì kó ìwé rẹpẹtẹ dání. Gbogbo ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn, ibi tí kò sì mọ̀, ó ní òun ò mọ̀. Nígbà tí Lọ́yà wá béèrè bóyá òun náà ní ìbéèrè, ó wo ojú wọn yí ká.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí Màmá bá ṣàṣìṣe, ta ló máa ń sọ fún wọn nínú yín?"

Oníṣirò ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó tún pa á dé. Inú Màmá dùn débi pé ó fẹ́ dìde lọ dì mọ́ obìnrin náà. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, ẹni tí mò ń wá rèé, ẹni tí kò ní bẹ̀rù olówó, tí kò ní bẹ̀rù dókítà, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú arúgbó kankan gbolẹ̀. Ẹ̀rín ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó rántí ìlérí rẹ̀. Ó yára bu ètè jẹ, ó fa ojú ro, ó sì tẹjú mọ́ tábìlì. Nígbà tó yá ó dìde, ó jáde láìwo ẹnikẹ́ni.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mu tíì. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Mo ti rí i o. Wá tún yàrá tí mo máa sinmi sí ṣe dè mí." Ó ti ń rò ó bí òun yóò ṣe mú obìnrin náà káàkiri ilé àwọn arúgbó, títí kan ti bàbá kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé èékánná òun àfi Màmá. Ara tù ú, irú èyí tí kò tù ú láti ọdún mélòó kan.

Lọ́yà ló wá bá a níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣeni lóore.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. A ti dá a padà."

"Ẹ dá ta padà?"

"Nọ́ọ̀sì yẹn. Gbogbo wa la fohùn ṣọ̀kan. Alárinà fẹ́ bá wa jiyàn, ṣùgbọ́n kò ní ìbò. Obìnrin náà ti lọ."

Màmá di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń gùn ún, ó ń mí lókè lókè, títí ó fi dé yàrá òkè. Gbogbo wọn dìde fún un. Alárinà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó fọwọ́ lẹ́rán. Màmá yíjú sí Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge.

"Kí ló dé tí ẹ fi kọ̀ ọ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi, a rí ojú ẹ. A rí bó o ṣe bu ètè jẹ. A ní obìnrin yẹn ti rí ẹ fín."

"Ẹ̀rín ni mò ń pa mọ́ra."

Màmá sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́, Tíṣà? Ìwọ fúnra ẹ, kí lo rò nípa ẹ̀?"

Tíṣà wolẹ̀. "Èmi? Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo rò pé òun gan-an ni."

Lọ́yà ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Oníṣirò ní láti ìgbà tí obìnrin náà ti sọ pé òun ò mọ nǹkan kan ni òun ti fọkàn tán an. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá sì ń gbọ́. Gbogbo wọn ló fẹ́ obìnrin náà, gbogbo wọn ló sì pawọ́ pọ̀ lé e lọ.

"Kò burú," ni Lọ́yà wí, "ṣebí Màmá fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká gbà á." Kó tó sọ ọ́ tán, wọ́n ti nawọ́ sókè.

Alárinà pe obìnrin náà, ó ṣàlàyé títí, ó wá gbé fóònù fún Màmá.

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Màmá," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Tí wọ́n bá kọ̀ mí torí pé mi ò tó, mo lè bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ojú yín ni wọ́n wò tí wọ́n fi kọ̀ mí, ẹnu yín náà ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi ń pè mí padà. Ọjọ́ tí inú bá bí yín sí mi ńkọ́?"

"Mi ò ní sí níbẹ̀ mọ́, ọmọ mi."

"Ẹ máa wà níbẹ̀, mà. Bí ẹ tilẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé, ilé lọ́hùn-ún ni wọ́n á ti wá wò yín lójú. Ẹ dákun, mi ò lè ṣe é."

Màmá dá fóònù padà, ó jókòó. Ó ń dùn ún, ó ń dùn ún gidigidi. Kò rí ẹni tó máa bínú sí. Lọ́yà kọ́, Tíṣà kọ́, èèyàn rere ni wọ́n nígbà tó pè wọ́n wá, wọ́n lọ́gbọ́n lórí, wọ́n ń jiyàn nílé ara wọn. Òun ló kọ́ wọn, díẹ̀díẹ̀, láì gbé pàṣán, títí wọ́n fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu ara wọn kọ nǹkan. Ó rántí Bíríkìlà, ojú sì tì í. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í yá.

Lẹ́yìn náà ni Màmá wá sọ̀rọ̀ kan. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó dáa. Bí kò bá ti sẹ́ni, èmi náà á ṣì máa bá a lọ. Ọdún méjì sí i, bóyá mẹ́ta."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí dókítà sọ nínú wọn. Tíṣà ló tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Màmá gbìyànjú láti pa ojú rẹ̀ mọ́ kí wọ́n má bàa rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń dúró de ẹyọ ẹnì kan péré tó máa ní, rárá, o ò lè ṣe é, máa lọ sílé.

Wọ́n wojú rẹ̀ títí. Tíṣà mí kanlẹ̀, ó ní, "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ ẹ, ọ̀rẹ́ mi."

Ló bá nawọ́ sókè. Lọ́yà nawọ́, Oníṣirò nawọ́, àwọn tó kù náà nawọ́. Màmá ń wo àwọn ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá èyí tó wà nílẹ̀. Nígbà tí Lọ́yà kéde pé gbogbo ilé ti fohùn ṣọ̀kan, Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.