Ìkejì Ọmọ

Kíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló kọ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda náà ní Yorùbá, ó sì ń fi í yangàn. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì Choba ni kíka àwọn ọmọ ogun ara tó máa ń ya bo ibi ọmọ nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà bá mú aboyún. Ṣúgà á mú kí ibi gbóná, kí ó sì wú, àwọn ọmọ ogun náà á pé jọ síbẹ̀ bí ẹni pé ọ̀tá ti wọlé. Ọwọ́ àwọn ìyá ni yóò ti gba ibi náà. Ṣùgbọ́n ibi kan náà là ń pe aburú, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á kí ó gbé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú ìyá ìkókó. Ló bá lo ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: "Mo yọ̀ǹda ìkejì ọmọ mi fún ìwádìí." Àwọn ìyàwó sójà, ìyàwó ọlọ́pàá àti ìyàwó kọ́sítọ́ọ̀mù tó jẹ́ Yorùbá níbẹ̀ fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọdún méjì, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Rọ́fíàt, ìyàwó òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti àdúgbò Iwofe pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Ó kí Kíkẹ́ dáadáa, ó jókòó, ó ní òun wá gba ọmọ òun ni.

Kíkẹ́ bi í pé ọmọ wo.

"Èyí tí mo fọwọ́ sí fún yín. Àkọ́bí mi wà nílé. Ìkejì ló wà nínú mi yìí, láti àná ni kò ti mira mọ́. Àǹtí, abeg, ẹ dá a padà. I don beg God taya."

 Kíkẹ́, ọ̀mọ̀wé tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ogun ara, kò mọ̀ pé ẹni tó gbé àkọ́bí lọ́wọ́ lè ka ìkejì sí àbúrò rẹ̀. Ó ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tètè lọ sọ́sibítù. Rọ́fíàt kọ̀. Ó ní kí lòun fẹ́ lọ bí, ọmọ tí òun ti fi tọrẹ?

Kíkẹ́ wá gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ díẹ̀ lára ibi Rọ́fíàt sí kàn, kó lè fi hàn án pé ẹran ara lásán ni. Òun ló kọ́kọ́ yojú wo inú ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ọmọ ogun mẹ́tàlélógójì ló kà níbẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n wà káàkiri. Ní báyìí wọn ò lóǹkà, wọ́n sì ti tò yí àyè kékeré kan ká, bí àwọn ẹbí ṣe ń yí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ká. Ẹ̀rù bà á. Kò jẹ́ kí Rọ́fíàt wò ó.

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé a kì í fa fọ́ọ̀mù ya. Ó fa èyí tí Rọ́fíàt fọwọ́ sí ya níṣojú rẹ̀.

"Mo ti dá a padà," ó ní. "Tiyín ni."

Ìgbà yẹn ni Rọ́fíàt tó dìde. Kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọmọbìnrin kan jáde, ó sì ké.

Kíkẹ́ padà sídìí iṣẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Ó tún yojú wo gíláàsì náà. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́, ó mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó wá rántí pé fọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlógún ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, gbólóhùn kan náà ló wà nínú gbogbo wọn.

Ó pe nọ́ńbà orí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Obìnrin tó gbé e kò jẹ́ kó kí òun tán.

"Àǹtí ìwádìí," ó ní, jẹ́jẹ́. "Ìkejì mi ti lọ lóṣù tó kọjá. Ṣé ọ̀dọ̀ yín ló wà?"