Ife Tí Wẹ́dà Fi Tọrẹ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ilé tí kò sí ẹni tí èèyàn lè bá jà nínú rẹ̀ kì í ṣe ilé. Wẹ́dà mọ èyí dáadáa. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí òun náà sì ti fi iṣẹ́ irin jíjó sílẹ̀, rédíò ló ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá méjì tó ń gbé lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá kí àwọn olùgbọ́ káàárọ̀, Wẹ́dà á dá a lóhùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ burúkú, wọ́n ń fowó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó kò lẹ́nu.

Nítorí náà, nígbà tí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní òun ń wá àwọn àgbàlagbà fún ìwádìí kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera ló wọ̀ ọ́ létí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá omi èso pómígíránétì, èso pupa tí kóró kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wálẹ̀. Àràárọ̀ ni wọn yóò máa wá mu ife kọ̀ọ̀kan níwájú nọ́ọ̀sì, wọn ò sì gbọdọ̀ fi oògùn wọn sílẹ̀. Àwọn kan yóò mu omi èso gidi. Àwọn yòókù yóò mu omi lásán tí wọ́n pa láró, tí wọ́n ṣe adùn rẹ̀ títí ó fi jọ ti èso. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ títí ìwádìí yóò fi parí, nọ́ọ̀sì pàápàá kò mọ̀. Wẹ́dà bèèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé ojú kan náà ni gbogbo wa á ti máa mu ún?"

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Ìyá Aránṣọ ni àga rẹ̀ bọ́ sí. Opó ni ìyá náà, ó ti ránṣọ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tẹjú mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì Wẹ́dà.

"Bàbá, ta ló bá yín rán bọ́tìnì yìí?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rán an, ẹ jó o mọ́ aṣọ ni."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fá irùngbọ̀n kó tó jáde nílé, kì í sì í gbàgbé oògùn rẹ̀ mọ́, torí ìyá náà kò ní ṣàì bi í bóyá ó ti lò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkàn Ìyá Aránṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, àfi kó jókòó lágbedeméjì kó mí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé lọ́nà jíjìn ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé, bí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kò bá wálẹ̀ kí ìwádìí tó parí, òun á wá mú un lọ sọ́dọ̀ òun.

"Mi ò fẹ́ lọ," ó sọ fún Wẹ́dà. "Kí ni mo fẹ́ lọ máa wò níbẹ̀?"

Wẹ́dà náà kò fẹ́ kó lọ. Kò sọ ọ́ jáde, àmọ́ ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ.

Nígbà tí ìwádìí dé ìdajì, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Ti Wẹ́dà ti wálẹ̀ dáadáa. Ti Ìyá Aránṣọ kàn fi bíńtín dín ni. Wẹ́dà, ẹni tó máa ń dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́ tán, ti parí èrò rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó tú okùn kúrò lápá ìyá náà.

"Tèmi ni gidi," ó sọ ọ́ sí i létí. "Aró lásán ni wọ́n ń fún yín. Ẹ jẹ́ ká máa pààrọ̀ ife."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ọkàn tiyín kì í ṣe ọkàn ni?"

"Ọkàn ni. Ẹ jẹ́ kí n ríbi lò ó."

Ìyá náà na ife tirẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, bí nọ́ọ̀sì bá ti kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn, ife á pààrọ̀ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì a máa dúró rí i pé ife ṣófo, ṣùgbọ́n ife ló ń wò, kì í wo ọwọ́. Inú Wẹ́dà sì ń dùn. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti rí nǹkan ṣe fún èèyàn kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí ìwádìí parí, ẹ̀jẹ̀ Ìyá Aránṣọ ti padà síbi tó wà níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ń dúró nísàlẹ̀, ẹrù ti wà nínú ọkọ̀. Torí ìkánjú ọmọ yìí, ìyá náà kò ráyè dúró gbọ́ àbájáde. Dókítà ní òun á pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Ìyá náà di ọwọ́ Wẹ́dà mú.

"Ẹ ṣeun. Láyé mi, kò sí ẹni tó yọ tẹnu rẹ̀ fún mi rí."

Ó lọ. Ó kan Wẹ́dà, dókítà sì wo kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Bàbá, omi aláró ni tiyín."

"Ẹ tún un wò. Ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀."

"Ó wálẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ń lo oògùn lásìkò, ẹ ń fẹsẹ̀ rìn wá síbí, ara yín sì ti yá. Omi èso yìí lè ran ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ díẹ̀ lára àwọn kan. Ní ti ṣúgà, a ò rí nǹkan gúnmọ́. Kò sì lè rọ́pò oògùn láé."

"Ìyá Aránṣọ ńkọ́?"

"Òun nìkan ni mo lè sọ tirẹ̀ fún."

Wẹ́dà lọ sílé. Gbogbo ìgbà tó fi ń rìn, ohun kan ṣoṣo ló ń bi ara rẹ̀: bí tòun bá jẹ́ omi lásán, kí lòun wá ń gbà lọ́wọ́ ìyá yẹn láràárọ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún.

"Bàbá Wẹ́dà, dókítà ti pè mí. Ó ní èso gidi ni wọ́n ń fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Àbí gidi ni wọ́n fún àwa méjèèjì ni?"

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Kó sáà ti ní "Bẹ́ẹ̀ ni," ọ̀rọ̀ á sì tán.

"Rárá, ìyá. Omi aláró ni tèmi. Tiyín ni mo gbà mu. Èmi ni mo lé yín kúrò nílé yín."

Wẹ́dà ń retí pé ìyá náà á gé fóònù.

"Inú ń bí mi sí yín," ni ìyá náà wí.

"Ó yẹ kó bí yín."

"Ọmọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Ilé yìí tẹ́jú, kò ní àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí mo lè kí nínú rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi o. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé fóònù."

Wẹ́dà fa àga mọ́ra, ó jókòó.